Afárá Onípákó Méjì

Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti bá ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí jẹun lórí tábìlì kan náà, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kan àwòrán náà. Ibi tí ìmọ̀ mi bá dé ni màá ti dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ọdún kẹta lẹ́yìn tí ogun Spain parí, Teunis Harmensz wà lórí ìdúró nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Haarlem, ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ó sì ń wo àwòrán tó ń yà lọ́wọ́. Aeltje ìyàwó rẹ̀ gbé omi wàrà kíkan wọlé fún un. Ó wo àwòrán náà. Ó pòṣé.

"Bàbá Neeltje, níbo ni kí àwọn ènìyàn mi gbà?"

"Àwọn ènìyàn wo?"

"Àwọn tí mo fẹ́ yà síbẹ̀ ni. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, omi láàárín. Ṣé kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ délé ni?"

"Kí wọ́n dúró sí òdìkejì."

"Wọn ò ní dúró. Ọjọ́ ti lọ nínú àwòrán yín yìí. Wọ́n lọ́mọ nílé."

Aeltje rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Kò sẹ́ni tó ka ikọ́ náà sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Láàárín àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ní Haarlem, kì í ṣe ohun ìtìjú kí ẹnì kan ya ilẹ̀ kí ẹlòmíràn sì ya àwọn ènìyàn tó ń rìn lórí rẹ̀. Teunis mọ ojú ọ̀run. Ó mọ bí òjò ṣe ń ṣú láti ìhà òkun, ó mọ àwọ̀ iyanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi. Ṣùgbọ́n tó bá ya ènìyàn, àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún ni. Aeltje ló ń ya ènìyàn fún un. Wọn kì í tóbi ju ẹ̀wà lọ, síbẹ̀ o lè mọ èyí tó ti rẹ̀, o lè mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń bínú sí. Fún ọdún méjìdínlógún, Teunis kò parí àwòrán kan láìjẹ́ pé ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn Aeltje.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ya afárá kan sórí omi náà. Pákó méjì tó so pọ̀ ni, ó lọ tààrà láti bèbè kan dé èkejì. Ó fi igi ìdìmú sí apá ọ̀tún. Kò fi sí apá òsì, nítorí pé igi ibẹ̀ ì bá bo ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú omi.

Ibi tó ń yà yẹn wà lóòótọ́. Pápá kan ni ní gúúsù ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà Heemstede, níbi tí igi wílò kan ti tẹ̀ síwájú bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́. Omi tó fẹ̀, tó sì jìn, wà níbẹ̀. Afárá ni kò sí níbẹ̀ rí.

Èyí kì í ṣe irọ́ lójú àwọn oníṣẹ́ náà. Bàbá Barent tó kọ́ Teunis níṣẹ́, ará Antwerp ni, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó fún àwòrán, ayàwòrán ló máa tún un jókòó. O máa lọ sí pápá pẹ̀lú ẹfun àti ìwé, o máa ya ohun tó o rí. Tó o bá délé, o máa sún ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀, o máa gbé òkè díẹ̀ sókè. Bàbá Barent náà ló sọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún un. Ó ní láyé bàbá bàbá òun, kò sẹ́ni tó ń ya ilẹ̀. Màríà àti Ọmọ ni wọ́n ń yà, fèrèsé kékeré kan á wà lẹ́yìn wọn, òkè àti odò tí kò ju àtàǹpàkò lọ á wà nínú fèrèsé náà. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ní kó ya inú fèrèsé. Nígbà tó yá, ẹnì kan fẹ́ràn inú fèrèsé ju iwájú lọ. Fèrèsé ń fẹ̀, àwọn ẹni mímọ́ ń kéré sí i, títí ó fi di pé wọ́n á máa wá Jósẹ́fù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi bí owó tó bọ́ sínú koríko. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbàgbé láti fi Jósẹ́fù sí i. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ò gbàgbé," Bàbá Barent á wí. "Ilẹ̀ tí wọ́n yà tí kò ní ènìyàn, ó ń retí ènìyàn ni."

Teunis ti máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín.

Aeltje wo afárá náà, ó ní, "Ẹ ṣeun. Wọ́n á rí ọ̀nà gbà wàyí. Tí ikọ́ yìí bá fi mí sílẹ̀ lọ́la, màá rán wọn wá."

Ikọ́ náà kò fi í sílẹ̀. Ó di ibà. Ní ọjọ́ kọkànlá, Aeltje kú.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, Teunis yí àwòrán náà kọjú sí ògiri. Afárá wà lórí rẹ̀. Ènìyàn kò sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Neeltje, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní pápá ìsáṣọ tó wà lọ́nà Heemstede ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ sínú omi wàrà kíkan tí wọ́n sì ń sá a sórí koríko títí yóò fi funfun. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni òun àtàwọn ọmọbìnrin yòókù ń sùn láti ìgbà ẹ̀rùn títí di ìgbà òtútù. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ló tó wá ń wálé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kó wọ yàrá iṣẹ́, àwòrán náà ti kọjú sí ògiri. Kò rí i rí.

Wouter ni ọ̀rẹ́ Teunis. Màlúù ló ń yà sínú ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ń pè é ní Wouter Onímàlúù. Ó ń wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

"Teunis, jẹ́ kí n bá ọ fi ènìyàn méjì sínú ìyẹn tó wà lára ògiri."

"Rárá."

"Màlúù kan péré ńkọ́? Màlúù mi kì í sọ̀rọ̀ àhesọ."

"Wouter, fi í sílẹ̀."

"Ilẹ̀ òfìfo! O mọ ohun tí Bàbá Barent wí. Tó ò bá fún un ní ènìyàn, ó lè wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀ o."

Ó fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Teunis kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ìgbà tí Aeltje ti kú, kò lọ sí pápá mọ́. Inú ilé ló ń wà, tó bá sì di ojú, pápá igi wílò yẹn ló ń rí. Ó ń rí omi, ó ń rí pákó méjì. Ó ń rí i lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé kò mọ ìgbà tí ohun tó yà dàpọ̀ mọ́ ohun tó fojú rí nínú orí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Neeltje dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so ìborí rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní Ìkookò gun orí bèbè lánàá."

Ìkookò ni à ń pe adágún ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú wa, nítorí pé ó ń jẹ ilẹ̀.

"Ọ̀nà ńlá ti ń kún fún omi," Neeltje wí. "Tí mo bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, níbo ni kí n gbà?"

Teunis ń lọ ọ̀dà lórí òkúta. Kò gbójú sókè.

"Gba inú pápá. Tó o bá dé ibi igi wílò tó tẹ̀ yẹn, wàá rí afárá. Pákó méjì ni. Rọra gùn ún."

"Afárá? Mi ò mọ̀ pé afárá wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Bàtà onígi rẹ̀ ń dún lọ lórí òkúta àdúgbò. Ó dún títí. Ó dákẹ́.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn kò gbé e wá. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ilé òdìkejì pòórá, lẹ́yìn náà igi iwájú ilé, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wouter wọlé pẹ̀lú ìgò bíà, irùngbọ̀n rẹ̀ tutù.

"Háà, Teunis! Kùrukùru yìí burú. Mo kí ògiri kan ní 'ẹ káàsán', mo sì bínú pé kò dáhùn. Neeltje ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀nà ńlá ti kún, mo ní kó gba orí afárá."

"Afárá wo?"

"Èyí tó wà níbi igi wílò."

Wouter gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Teunis. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ya màlúù inú pápá yẹn. Kò sí afárá níbẹ̀."

"Ó wà. Pákó méjì ni. Igi ìdìmú rẹ̀ wà lápá..."

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀dà wà ní èékánná rẹ̀.

Wouter ti ṣí ilẹ̀kùn.

Wọ́n sáré. Wọ́n gba ẹnubodè ìlú jáde, wọ́n bọ́ sínú pápá, wọn ò rí ẹsẹ̀ ara wọn. Koríko ń fa bàtà wọn. Teunis mọ ibẹ̀ bí ó ṣe mọ ojú ìyàwó rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú. Igi wílò náà yọ sí wọn lójijì, ó dúdú, omi ń kán lára rẹ̀.

Omi ti kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò dún. Wọn ò rí òdìkejì.

"Neeltje!"

Kùrukùru gba orúkọ náà, kò sì dá a padà.

"Neeltje o!"

Wọ́n wo ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Ṣé Neeltje wà lódìkejì, ṣé ó ti dé etí omi, ṣé ó ti fi ẹsẹ̀ wá pákó tí bàbá rẹ̀ ní ó wà níbẹ̀? Teunis fẹ́ bọ́ sínú omi. Wouter fi apá méjèèjì gbá a mú.

"O ò mọ odò wẹ̀, òpònú! Ṣé kí n máa wá ẹni méjì ni? Lọ mú okùn wá. Pe àwọn ènìyàn. Èmi á dúró síbí, màá máa ké pè é. Mi ò ní kúrò."

Teunis padà. Okùn wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sí i.

Ó gbọ́ ìró kan.

Kò.

Bàtà onígi lórí pákó ni. Òkúta ni ilẹ̀ yàrá náà. Kò sí pákó níbẹ̀.

Kò. Kò.

Ó ń rọra rìn, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, bàtà mìíràn dún, ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni méjì ni. Ìró náà kò ti ìta wá. Ara ògiri ni ó ti ń wá, níbi tí àwòrán náà kọjú sí. Òórùn ẹrẹ̀ gba yàrá náà kan, lẹ́yìn náà òórùn omi wàrà kíkan.

Kò. Kò. Kò.

Pákó kan ké díẹ̀, bí pákó ṣe máa ń ké tí ènìyàn bá dé àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún gbéra. Lẹ́yìn náà wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, títí wọ́n fi bọ́ sórí ohun tó rọ̀, tí kì í dún.

Ó ṣì di okùn náà mú. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Wọ́n ní ó tó ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń rìn láti igi wílò wọ ìlú.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú òtútù yìí?"

Neeltje ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìborí rẹ̀ tutù. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Teunis fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fi kan èjìká rẹ̀, ó fi kan apá rẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá nǹkan kan sọnù lára rẹ̀.

"Ibo lo gbà?"

"Orí afárá, bí ẹ ṣe ní. Àmọ́ Bàbá, ẹ ò ṣe dáadáa o! Ẹ ò sọ fún mi pé apá ọ̀tún nìkan ni igi ìdìmú wà. Díẹ̀ ló kù kí n fara ti òsì."

Lóòótọ́, kò sọ ọ́ fún un.

"Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

"Obìnrin tó wà níwájú mi ló sọ fún mi. Ó ní, 'Ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ. Ọwọ́ ọ̀tún.' Mi ò rí i, bàtà rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé. Nígbà tá a dé àárín, ẹ̀rù bà mí, mo dúró. Òun náà dúró dè mí."

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ohùn ta ni?"

Neeltje bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìborí rẹ̀. Ó tú u fún ìgbà pípẹ́.

"Kùrukùru ti bo ohùn náà, Bàbá. Mi ò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀. Kò dáhùn. Mi ò gbọ́ bàtà rẹ̀ mọ́."

Teunis jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Wọ́n rán aládùúgbò kan lọ pe Wouter. Nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ ti há. Ó bá Neeltje lẹ́bàá iná, ó ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná. Wouter di ilẹ̀kùn mú.

"Ibo lo gbà?"

"Orí afárá, Bàbá Wouter. Níbi igi wílò."

"Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mi ò kúrò níbẹ̀. Mo ń ké pè ọ́ láìdákẹ́."

"Mi ò gbọ́ yín."

"Kò sẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, Neeltje."

"Mi ò rí yín," Neeltje wí, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

Iná ń ta pàrà.

Ní ọjọ́ kejì, kùrukùru ká. Teunis àti Wouter padà síbẹ̀. Igi wílò wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Afárá kò sí, pákó kankan kò sì léfòó lójú omi. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì, ipasẹ̀ bàtà kékeré kan rìn wá títí dé etí omi. Ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ipasẹ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, ó kọjú sí ìlú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí Wouter ti dúró kọjá. Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí i. Ipasẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí wọ́n délé, Teunis yí àwòrán náà kọjú síta. Ọ̀run wà bó ṣe yà á, ìmọ́lẹ̀ wà lójú omi. Wouter sún mọ́ ọn, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Teunis, ìwọ lo ya pákó yìí báyìí?"

"Báwo?"

"Ó tẹ̀ ní àárín. Èmi ń ya ẹran, mo mọ ohun tí ìwúwo ara ń ṣe fún pákó. Nǹkan wà lórí èyí."

"Tààrà ni mo yà á."

Wouter fi ìka kàn án. Ọ̀dà náà ti gbẹ, ó gbẹ bíi ti ọ̀dà oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì tún un yà. Wouter ṣí fìlà rẹ̀. Kò béèrè láti fi màlúù sínú àwòrán náà mọ́ láé.

Láti ọjọ́ yẹn, Teunis gba bí wọ́n ṣe fún un. Kò wádìí. Láràárọ̀, kó tó gbé ọ̀dà sórí òkúta, ó máa ń dúró níwájú àwòrán náà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, á ní, "O ṣé o, Ìyá Neeltje." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùṣọ́-àgùntàn gbọ́, ó wá bá a wí.

"Ọlọ́run nìkan ló yẹ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Teunis. O ò mọ ẹni tó mú ọmọ rẹ sọdá."

"Òótọ́ ni, Bàbá, mi ò mọ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe mí lóore, ṣé kí n wá dákẹ́ nítorí pé mi ò rí ojú rẹ̀?"

Olùṣọ́-àgùntàn mu bíà tó wà níwájú rẹ̀. Kò tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

Teunis gbé ọdún mọ́kàndínlógún sí i láyé. Ó kú lórí ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Wouter ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìkookò sì ti jẹ pápá náà, ó jẹ igi wílò náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gba ibẹ̀ báyìí.

Neeltje bí ọmọ mẹ́rin, mẹ́ta wà láàyè. Ó ti di ìyá àgbà. Àwòrán náà wà lára ògiri yàrá ìjẹun rẹ̀. Ó ní kí n wò ó dáadáa, mo sì wò ó dáadáa. Pákó méjì wà lórí omi. Wọ́n tẹ̀ ní àárín. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí wọn.